Ibi tí mi ò ní yàn fúnra mi nínú Bíbélì

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ka Bíbélì lójoojúmọ́ tí kò sì sú mi. Ó máa ń sú mi o. Ó máa ń sú mi gan-an nígbà míì. Ọjọ́ míì wà tó jẹ́ pé orúkọ baba ńlá èèyàn nìkan ni mo kà látòkè délẹ̀, lágbájá bí tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò bí làkáṣègbè, kí n tó parí ẹ̀ oorun ti ń gbé mi lọ, mo kàn pa ìwé dé mo bá tèmi lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ ohun tó ti wá hàn sí mi ni pé àwọn ibi tó ń súni yẹn gan-an ló ti wúlò fún mi jù láyé mi, ju àwọn ẹsẹ tí gbogbo wa mọ̀ sórí lọ, àwọn tá a máa ń gbé sí státọ́ọ̀sì.

Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń fọwọ́ ara mi yan ibi tí mo fẹ́ kà, mo mọ ibi tí mo máa ń lọ. Sáàmù 23, Sáàmù 91, Sáàmù 121. Tẹ́nì kan bá ṣẹ̀ mí, Sáàmù 35 ni, kí Olúwa lè bá mi bá wọn jà. Tí ò bá sówó lọ́wọ́, mo ti wà ní Málákì orí 3 níbi tí fèrèsé ọ̀run ti ń ṣí. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, mo ṣì ń kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ohun tó ti wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀ ni mo lọ ń wá nínú ìwé, mo sì ń rí i lóòótọ́, mo wá ń sọ fáráyé pé Ọlọ́run bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ó dà bí ẹni tó dúró síwájú dígí tó ń kí ara ẹ̀ ni. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò tó ń yàn fún mi, tí mi ò lẹ́nu ńbẹ̀ pé ibí ló wù mí lónìí, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ yí padà.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Ìwé 66, orí 1,189 lápapọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ka orí mẹ́ta lójúmọ́, tẹ́ ẹ wá ń fi orí kan kún un bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọdún kan ó gbé e. Ètò kan wà tí pásítọ̀ ará Scotland kan, Robert Murray M'Cheyne, ṣe fún ìjọ ẹ̀ lọ́dún 1842, ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójúmọ́, débi pé láàárín ọdún kan wàá ka Májẹ̀mú Tuntun àti Sáàmù lẹ́ẹ̀mejì, wàá sì ka gbogbo ìyókù lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ àwọn èèyàn ṣì ń fi ètò ẹ̀ kàwé dòní, ó wà nínú àwọn ápù Bíbélì orí fóònù. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin yẹn bá jẹ́ kìkì ìwọ̀n pátákó àti aṣọ títa inú àgọ́ àjọ, ó ṣeé ṣe kí òmíràn jẹ́ ìtàn Jésù.

Àmọ́ kì í ṣe ètò ni mo fẹ́ polówó, ètò pọ̀. Kẹ́ ẹ kàn má jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín jẹ ṣá. Àwọn tó kọ Bíbélì ò fi nọ́ńbà kankan sí i. Stephen Langton, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ni wọ́n máa ń dárúkọ fún bá a ṣe pín in sí orí, ní nǹkan bí ọdún 1200 síwájú, Robert Estienne tó jẹ́ atẹ̀wé ló sì fi nọ́ńbà ẹsẹ tá à ń lò sí Májẹ̀mú Tuntun nínú èyí tó tẹ̀ lọ́dún 1551. Nígbà míì wọ́n gé ọ̀rọ̀ sí méjì níbi tí kò yẹ. Ẹ lọ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21, ibi tó parí sí ni pé Pọ́ọ̀lù juwọ́ sáwọn èèyàn, gbogbo ilé pa lọ́lọ́, ó la ẹnu ó ní… orí tán. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà kàwé máa pa ìwé dé níbẹ̀, á lọ wẹ̀, Pọ́ọ̀lù ṣì la ẹnu sílẹ̀. Èmi, ibi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí ni mo máa ń dúró, tó bá fi ẹsẹ díẹ̀ kọjá kò sí wàhálà.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní á dé Léfítíkù níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, torí Jẹ́nẹ́sísì orí 50, Ẹ́kísódù orí 40, mẹ́ta mẹ́ta lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ti lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ètò ọ̀pọ̀ èèyàn ń kú sí. Mi ò bá wọn wí. Ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá, kíndìnrín, ẹ̀tẹ̀ ara ògiri, èwo ló kàn wá níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá kúrò níbẹ̀ ò ní dé orí 19, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ní kí n mú orí kan ṣoṣo nínú òfin Mósè kí n fi lé ẹnì kan lọ́wọ́, òun ni mo máa mú. Ibẹ̀ ló ti ní kéèyàn má ṣépè fún adití, kó má fi ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú. Ibẹ̀ ló ti ní kéèyàn dìde fún ẹni tórí ẹ̀ ti funfun. Ibẹ̀ ló ti ní kó o fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ bí ara rẹ, tí ọ̀pọ̀ rò pé Jésù ló kọ́kọ́ sọ ọ́, Léfítíkù ni Jésù ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ náà ló sì ti ní owó iṣẹ́ alágbàṣe ò gbọdọ̀ sun ọ̀dọ̀ rẹ mọ́jú.

Ẹsẹ 13 nìyẹn. Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ lẹ́yìn tó bá parí lèmi ń ṣe, torí náà mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "ẹ padà wá lọ́la". Mo mọ bó ṣe ń rí téèyàn ti ná owó tán lọ́kàn, tó ti ṣèlérí fáwọn ọmọ, tó ti sọ fún ẹni tó jẹ lówó pé ìrọ̀lẹ́ òní ni, kí ẹni tó gbéṣẹ́ fúnni wá sọ pé áà òun gbàgbé, kì í ṣe pé kò ní o, ó kàn gbàgbé ni. Mo wá rí i pé Deutarónómì 24 tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó tiẹ̀ fi ìdí ẹ̀ kún un, ó ní kó o san án kí oòrùn tó wọ̀ torí pé tálákà ni, ọkàn ẹ̀ wà lórí owó náà. Ọkàn ẹ̀ wà lórí ẹ̀! Ẹni tó kọ ìyẹn mọ èèyàn. Jákọ́bù orí 5 wá gbé e dé ibi tó le, ó ní owó ọ̀yà táwọn olówó há mọ́ àwọn tó bá wọn kórè lọ́wọ́ ń ké, igbe ẹ̀ sì ti dé etí Olúwa. Látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá bá mi ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ ẹni tó tún ẹ̀rọ omi ṣe, ì báà jẹ́ ẹni tó bá mi gbẹ́rù, kì í kúrò níwájú mi kí n tó sanwó ẹ̀. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń lé mi. Mo ní Léfítíkù ni.

Númérì orí 7 náà ńkọ́? Ẹsẹ 89. Olórí ẹ̀yà méjìlá, ọjọ́ méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ọrẹ wá, ohun kan náà gan-an ni gbogbo wọn sì mú wá, àwo fàdákà tó wúwo tó 130 ṣékélì, àwokòtò fàdákà 70 ṣékélì, ṣíbí wúrà ṣékélì 10 tí tùràrí kún inú ẹ̀, pẹ̀lú ẹran. Akọ̀wé ì bá kàn ní àwọn mọ́kànlá tó kù mú irú ẹ̀ wá, kó sinmi. Kò gbà. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀méjìlá, orúkọ, orúkọ baba, àwo, àwokòtò, ṣíbí, ẹran. Ọmọ wa kẹta ló là mí lójú sí i. Ti àkọ́bí, ọjọ́ tó kọ́kọ́ rìn a ya fọ́tò títí fóònù fi kún, a pe gbogbo ẹbí. Ti ìkejì, a ya díẹ̀. Ìkẹta dìde lọ́jọ́ kan ó rin pálọ̀ já, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló rí i, kálukú ní ẹn-ẹ́n, ó ti rìn o, a bá ohun tá à ń ṣe lọ. Kí ló wà nínú ìrìn tiẹ̀ tí kò tó ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀? Áhírà ọmọ Énánì láti ẹ̀yà Náfútálì ló mú ọrẹ wá lọ́jọ́ kejìlá, gbogbo èèyàn ti rí irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá kó tó kàn án, síbẹ̀ wọ́n kọ tiẹ̀ látòkè délẹ̀ bíi ti Náṣónì ọmọ Ámínádábù tó ṣáájú. Torí náà tí ọmọ kẹta yìí bá gbé ilé tó yà wá fún mi wò, ilé onífèrèsé méjì kan náà táwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti yà rí, mo máa ń jókòó wò ó tán.

Òwe orí 31 ló ní, ó bá ọjọ́ oṣù mu, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, èmi náà máa ń fi ṣe àfikún. Ibi tó máa ń dá mi dúró ni orí 26, ẹsẹ 4 àti 5. Ẹsẹ 4 ní má dá òmùgọ̀ lóhùn bí ìwà òmùgọ̀ ẹ̀, kí ìwọ náà má bàa dà bíi tiẹ̀. Ẹsẹ 5, ó tẹ̀ lé e gbọnrangandan, ní dá òmùgọ̀ lóhùn bí ìwà òmùgọ̀ ẹ̀, kó má bàa rò pé òun gbọ́n. Èwo wá ni ká ṣe? Ó ti bí àwọn kan nínú, wọ́n ní Bíbélì ń ta ko ara ẹ̀. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí rí mọ̀ pé òtítọ́ làwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kàn wà lọ́wọ́ ìgbà tí kálukú wọn bá wúlò ni. Ẹnì kan á gbé irọ́ wá sórí gúrúùpù lóru nípa ẹni tí kò sí níbẹ̀, ọwọ́ á ti máa yún mi. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi báyìí ni pé àwọn wo ló ń kà á yàtọ̀ sí èmi àti òun? Tí àwọn míì bá lè tìtorí ẹ̀ ṣi ẹnì kan lóye, mo máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ṣókí, mi ò ní padà wá. Tó bá jẹ́ pé torí kó lè mọ̀ pé mo gbọ́n jù ú lọ ni mo fẹ́ fi dáhùn, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò kúkú yọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ onígbàgbọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ràn ni pé ìwé yẹn ò bá mi yàn án. Ó gbé méjèèjì kalẹ̀, ó ní kí n ronú.

Ìgbà kan wà tí màmá mi wà lọ́sibítù tí èmi ń sun orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ohun tí mo lè fi ìgbà yẹn wé. Àwọn èèyàn ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn tó ní kí n máa kéde ìyè, àwọn tó ní kí n má sunkún kí ọ̀tá má bàa ráyè, ẹnì kan tiẹ̀ ní ìgbàgbọ́ mi dà. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19 ló kàn nínú ètò mi. Ìtàn tí mo ti gbọ́ ìwàásù ẹ̀ àìmọye ìgbà, pé wòlíì Èlíjà tí iná wá látọ̀run fún lórí Òkè Kámẹ́lì wá bẹ̀rù obìnrin kan, ó sá lọ sí aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí òun kú. Wọ́n máa ń fi bá èèyàn wí ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń kà á pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, tẹ́ ò fò ó, kò sẹ́ni tó bá a wí níbẹ̀. Ó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní dìde jẹun, àkàrà wà lórí ẹyín iná, ìkòkò omi wà níbi orí ẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ní dìde jẹun, ìrìn náà pọ̀ jù fún ọ. Ó parí. Ìbéèrè pé "kí lò ń ṣe níhìn-ín, Èlíjà" kò wáyé títí tó fi jẹun, tó sùn, tó rin ogójì ọjọ́ dé òkè Hórébù. Nígbà tí mo kà á tán, mo pe àbúrò mi ọkùnrin pé jọ̀ọ́ wá bá mi jókòó ti màmá lálẹ́ òní. Mo relé, mo jẹun, mo sùn bí òkúta. Ó sì wú mi lórí pé nínú gbogbo ìwé àdúrà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, kò sẹ́ni tó ní kí n lọ sùn àfi áńgẹ́lì yẹn.

Ní àsìkò kan náà ni mo kan Sáàmù 88, ìyẹn gan-an ni mi ò ní yàn láyé. Àwọn sáàmù ẹkún yòókù, ẹ máa rí i pé wọ́n máa ń yí padà tó bá kù díẹ̀ kó parí, á ní síbẹ̀ èmi ó yìn ọ́, á ní ṣùgbọ́n ìwọ Olúwa. Èyí ò yí padà. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá wo àkọlé ẹ̀, orin ni, orin àwọn ọmọ Kórà, Hémánì ará Ésírà ló kọ ọ́, wọ́n fi lé olórí akọrin lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé àwọn èèyàn dúró wọ́n kọ ọ́ nínú ilé Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó bá wọn fi ẹsẹ tó dùn parí ẹ̀. Mo wá ń kà á jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ohùn mi ń gbọ̀n, ọkàn mi sì balẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara màmá yá nígbẹ̀yìn, ẹ bá mi dúpẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló fà á tí mo fi sọ ọ́.

Ó wá ku Jeremáyà 29. Ẹsẹ 11, ta ni ò mọ̀ ọ́n, èrò àlàáfíà, kì í ṣe ti ibi, láti fún yín ní ìrètí ìgbà ìkẹyìn. Ó wà lára ife, ó wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà lára káàdì ìgbéyàwó. Èmi ti mọ̀ ọ́n sórí láti kékeré, mi ò mọ̀ pé àárín lẹ́tà ló wà, lẹ́tà tí Jeremáyà kọ látọ̀dọ̀ ẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù sáwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì. Ìgbà tí mo kà á látòkè ni iṣẹ́ kan gbé mi lọ sí ìlú tí mi ò mọ ẹnì kankan. Wọ́n ní ìgbà díẹ̀ ni. Nítorí pé ìgbà díẹ̀ ni, mi ò tú ẹrù mi, inú báàgì ni mo ti ń mú aṣọ. Mi ò ra kọ́tìnì. Mo máa ń kí àwọn aráalé bí ẹni pé bọ́ọ̀sì ń dúró dè mí níta. Tí wọ́n bá pè mí pé kí n wá sí ìpàdé àdúrà wọn, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé mi ò ní pẹ́ lọ.

Orí 28 ló ṣáájú ẹ̀, kò sì yẹ kéèyàn fò ó. Wòlíì kan wà níbẹ̀, Hananáyà ọmọ Ásúrì, ó dúró níwájú gbogbo èèyàn nínú tẹ́ńpìlì ó ní láàárín ọdún méjì àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú á padà, ohun èlò tẹ́ńpìlì á padà, ó já àjàgà igi tí Jeremáyà gbé kọ́rùn láti fi ṣàpẹẹrẹ ìsìnrú lábẹ́ Bábílónì, ó ṣẹ́ ẹ. Ẹ lè fojú inú wo bí àwọn èèyàn á ṣe pàtẹ́wọ́. Ọdún méjì! Jeremáyà náà dáhùn pé àmín, kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó padà wá sọ fún un pé Olúwa ò rán an níṣẹ́, ọkùnrin náà sì kú lóṣù keje ọdún yẹn. Orí tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà náà wà. Ó ní ẹ kọ́ ilé kẹ́ ẹ máa gbé inú ẹ̀. Ẹ gbin ọgbà kẹ́ ẹ máa jẹ èso ẹ̀. Ẹ gbéyàwó, ẹ bímọ, ẹ fọ́mọ yín fọ́kọ. Ẹ wá àlàáfíà ìlú tí mo kó yín lọ, ẹ gbàdúrà fún un, torí nínú àlàáfíà ẹ̀ lẹ máa ní àlàáfíà. Àádọ́rin ọdún ni. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ 11 tó dé. Ẹ bá mi rò ó, ẹni tó ti pé ogójì ọdún lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà yẹn sí i létí, ṣé ó máa padà sílé? Kò lè padà. Ìrètí tí ẹsẹ yẹn ń sọ, ọmọ ẹ̀ àti ọmọ ọmọ ẹ̀ ló máa fojú rí i, tòun ni kó gbin ọgbà.

Mo tú ẹrù mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ra kọ́tìnì. Mo lọ bá bàbá tó ń gbé yàrá kejì, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà kí lorúkọ yín, mo ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn tipẹ́ mi ò mọ orúkọ wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ìlú náà, àdúrà gidi, kì í ṣe pé Olúwa mú mi kúrò ńbí. Ìgbà díẹ̀ tí wọ́n sọ yẹn padà gùn ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ, bàbá yẹn ṣì máa ń pè mí lórí fóònù dòní láti béèrè àwọn ọmọ. Mi ò kórìíra ẹsẹ 11 o, mo ṣì ń fi í ránṣẹ́ sáwọn èèyàn lọ́jọ́ ìbí. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 4.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba Nehemáyà orí 3 díẹ̀, torí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ. Gbogbo orí yẹn, orúkọ àwọn tó tún odi Jerúsálẹ́mù ṣe ni, alágbẹ̀dẹ wúrà wà níbẹ̀, àwọn tó ń po lọ́fínńdà wà níbẹ̀, Ṣálúmù àti àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn kan ò ṣe ju iwájú ilé ara wọn lọ. Ẹsẹ 5 ní àwọn ará Tékóà ṣe tiwọn, àmọ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú wọn kọ̀, wọn ò fọrùn sábẹ́ iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá ní sùúrù dé ẹsẹ 27, àwọn ará Tékóà yìí kan náà tún ti mú apá kejì ṣe. Àwọn ọ̀gá wọn ò ṣe ọ̀kan, àwọn ṣe méjì. Tí inú bá ti ń bí mi pé àwọn ẹni ńlá kan kì í gbé àga lẹ́yìn ìsìn, Tékóà ni mo máa ń rántí, mo máa ń gbé àga mi.

Ìparí àwọn lẹ́tà inú Bíbélì náà, ẹ má fò ó. Tímótì Kejì orí 4, Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé ikú ti dé tán, ó ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá pé òun ti ja ìjà rere, ó wá ní Tímótì, jọ̀ọ́ bá mi mú ẹ̀wù àwọ̀lékè tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kápọ́sì ní Tíróásì bọ̀, àti àwọn ìwé, kó o sì gbìyànjú dé kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀. Òtútù ń mú àpọ́sítélì. Ó tún ní òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn, òun Pọ́ọ̀lù tó jẹ́ pé ìnujú tó kan ara ẹ̀ ni wọ́n ń mú lọ fáwọn aláìsàn tára wọn sì ń yá ní Ìṣe orí 19. Ẹni tó bá ń bi aláìsàn pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ dà, kó ka ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń yé mi. Àwọn Onídàájọ́ orí 19, ohun tí wọ́n ṣe fún obìnrin tí wọ́n fipá bá lò mọ́jú yẹn, ẹsẹ tó parí Sáàmù 137 níbi tó ti ń súre fún ẹni tó bá la ọmọ ọwọ́ mọ́ àpáta, mi ò ní fi agbára wá ẹ̀kọ́ jáde nínú wọn torí kí àárọ̀ mi lè dùn. Onídàájọ́ 19 fúnra ẹ̀ parí pẹ̀lú pé ẹ rò ó, ẹ gbìmọ̀, ẹ sọ̀rọ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ ìbéèrè sí. Àwọn kan ti rí ìdáhùn nígbà tí mo tún yí po dé ibẹ̀, àwọn míì ṣì wà bí mo ṣe kọ wọ́n.

Ní ti bí mo ṣe ń ṣe é, kò sí àrà níbẹ̀. Mo máa ń kà á kí n tó tan dátà, torí tí n bá ti tan dátà, ó tán. Mo máa ń kà á sókè, ojú máa ń fo ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹnu kì í fò ó. Ọjọ́ tí mo bá wà lọ́nà, mo máa ń fetí sí i lórí fóònù. Tí mo bá pàdánù ọjọ́ kan, ibi tó kù ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, mi ò kí ń sáré ka orí mẹ́sàn-án láti lé ọjọ́ bá, ìyẹn ló ń jẹ́ kéèyàn kórìíra ẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ rí, mo máa ń ní kó lọ sí Máàkù ná, orí 16 péré ni, ó yá, kò ní sú u, lẹ́yìn náà kó wá padà sí Jẹ́nẹ́sísì.

Kíróníkà Kìíní ni mo wà báyìí, orí mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, orúkọ lórí orúkọ. Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wa mọ̀ níbẹ̀, àdúrà Jábésì ní orí 4, ẹsẹ méjì, a máa ń fò wọ ibẹ̀ a sì máa ń fò jáde. Tẹ́ ẹ bá dúró díẹ̀ sí i, orí 4 yẹn kan náà ní àwọn ìdílé tó ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀, ó ní àwọn amọ̀kòkò tó ń gbé ọ̀dọ̀ ọba nítorí iṣẹ́ ẹ̀. Lánàá mo kan Mátítíà àkọ́bí Ṣálúmù ní orí 9, ọmọ Léfì ni, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹ̀ ni àwọn nǹkan tí wọ́n ń yan nínú àwo pẹlẹbẹ. Mo kà á sókè, ìyàwó mi tó ń lọ aṣọ àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ṣé wọ́n kọ ẹni tó ń yan nǹkan náà sínú Bíbélì ni. Mo ní wọ́n kọ ọ́, ẹsẹ 31, ó ní kí n gbé e wá kóun fojú ara òun rí i.